Ìbọn Tó Ń Ki Ara Rẹ̀

Ojo kerin, osu keji

Baba mi,

Mo ki yin, mo ki Iya mi. Ara mi da, otutu ibi nikan ni ko fe gba fun mi. E ma binu pe ero ibi ise ni mo fi te leta yii, owo mi ko dile ni.

Mo ti fi ise ile gbigba sile. Ibon ni mo n ko bayii, ibon ilewo. Won po, won si ti pe laye. Inu yara kan ti ko ni ferese ni won wa, ilekun meji lo wa nibe, won si ni a ko gbodo so iye won fun ara ita. Oga mi ni bi mo ba n ko won daadaa, won yoo gba mi patapata ninu osu kesan-an.

E fi adura ran mi lowo. Inu mi dun ju bi mo se le so lo.

Omo yin,
Tata


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Tata,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún lẹ́tà náà kà. Ìyá rẹ bi mí pé kí lo wí, mo ní o ní ara rẹ le. Irọ́ tí mo ti pa fún obìnrin yìí kò pọ̀, àmọ́ mo pa ti ọjọ́ yẹn láìṣẹ́jú.

Ìbọn lò ń kó? Ìwọ? Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé? Tí ọ̀gá rẹ sì ní bí o bá ń kó o dáadáa wọn yóò gbà ọ́. Ta ni wọ́n? Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ gbà ọ́ sí? O sì tún ní kí n fi àdúrà ràn ọ́ lọ́wọ́! Àdúrà wo ni n ó gbà? Kí ọlọ́pàá má rí ọ?

Èmi bàbá rẹ fi ogójì ọdún tún ìbọn ọdẹ ṣe, àmọ́ lójú ọ̀sán gangan ni, ìlẹ̀kùn mi sì wà ní ṣíṣí gbayawu. Kò sẹ́ni tó kó ìbọn rí nínú ẹbí wa. Bí ebi bá ń pa ọ́, sọ. Bí iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá bá tì ọ́ lójú, ta ló ní kó tì ọ́ lójú? Ju nǹkan náà sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé. Ilé wa kò tíì kún.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí ẹ sì pe Ìyá mi sí tòsí. Kọ́ ni, Bàbá! Mo ń kọ́ ìbọn ni, n kò kó ìbọn! Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wa kò mọ àmì ohùn, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ ní pẹrẹsẹ. Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yìn náà ni mo wá sunkún, nítorí mo rí ibi tí pẹ́ńsùlù yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já. Láti òní lọ, ọwọ́ ni n ó máa fi kọ̀wé sí yín, n ó sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀.

Ẹ rántí pé ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ni mo ti ń gbálẹ̀. Lọ́jọ́ kan, sípíríǹgì kékeré kan fò kúrò lórí tábìlì àwọn tó ń tọ́jú ìbọn àtijọ́. Wọ́n wá a títí, àfi ẹnu ìgbálẹ̀ mi ló ti yọjú. Mo gbé e fún ọ̀gá wọn, obìnrin àgbàlagbà kan tó máa ń wọ awò ojú méjì léra, mo ní, "Ẹ má fi ẹ̀mú nà án o, agbára rẹ̀ yóò lọ." Ó wò mí. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni. Bí mo ṣe fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù kẹsàn-án, n ó dúró níwájú àgbà mẹ́ta. Wọn yóò gbé ìbọn kan tí n kò tíì fọwọ́ kàn rí síwájú mi, kí n tú u, kí n sọ ìtàn rẹ̀, kí n tò ó padà. Bí mo bá yege, mo di olùtọ́jú pátápátá. Bí n kò bá yege, ìwé ìgbélùú mi parí nìyẹn, mo ń bọ̀ nílé tòun ti báàgì kan ṣoṣo tí mo gbé lọ.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín. Ẹ mọ ìbọn ọdẹ dunjú. Ọdẹ á ki ẹ̀tù, á ki ọta, á yìn ín, ìbọn á tàpá sí i léjìká, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọdẹ tó wá sọ́dọ̀ yín ló ń ráhùn ìpá yẹn. Àwọn kan wá jókòó ní ọdún tó lé ní àádóje sẹ́yìn, wọ́n ní ìpá yìí, ṣebí agbára ni, kí ló dé tí a fi ń jẹ́ kó ṣòfò sára èjìká? Wọ́n bá fi í ṣiṣẹ́. Ìpá kan náà ló ń ti irin sẹ́yìn, òun ló ń ju èèpo ọta àkọ́kọ́ nù, òun ló ń fún sípíríǹgì pọ̀. Sípíríǹgì á ta irin padà, irin á sì gbé ọta mìíràn bó ṣe ń bọ̀. Bí ìka bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan á jáde, òmíràn á sì ti jókòó síbẹ̀. Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀! Ọjọ́ tí ọ̀gá fi yé mi, mo la ẹnu, n kò rántí pa á dé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, ẹ má bínú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ tí ẹwìrì bẹ́, tí ẹ ní n kò gbọdọ̀ tẹ ilé àgbẹ̀dẹ mọ́. Ẹ ní iṣẹ́ irin kì í ṣe ti obìnrin. Lónìí, iṣẹ́ irin náà ló fún mi níṣẹ́. Ṣé ẹ ò rí nǹkan sọ sí i ni?

Ọmọ yín tí kò kó nǹkan kan,
Tata


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Tata mi,

Oorun ti padà sójú mi. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ìdí jókòó sílẹ̀. Ó ní ojú ni kí n máa fi kàwé, kí n yé fi ẹ̀dọ̀ kà á.

Lẹ́tà tó ní àmì yìí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì mí lọ́nà. O ní ìbọn tó ń ki ara rẹ̀. Mo ní háà, oríkì wo ni ìbọn ń fi ki ara rẹ̀? Ta ló kọ́ ọ? Ìgbà tí mo ka ìsàlẹ̀ ni ojú mi là. Mo fi ìwé sílẹ̀, mo jáde sí gbangba, mo dúró.

Tata, ogójì ọdún ni mo fi gbọ́ àwọn ọdẹ tó ń ráhùn ìpá ìbọn. Ṣé o mọ ohun tí mo máa ń ṣe fún wọn? Mo máa ń fi awọ wé ìdí rẹ̀ kó má baà dùn wọ́n. Èmi ń fi awọ dí i, ẹlòmíì ń fi í ṣiṣẹ́! Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, mo ní ẹ̀yin wọ̀nyí, ibo lẹ wà? Kò bí mi nínú o. Ìyanu ni. Nǹkan náà wà níwájú gbogbo wa, a kàn ń pè é ní ìnira.

Ya àwọn ìbọn náà fún mi, kí o yà wọ́n tóbi. Fi fáìlì eléyín wẹ́wẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú, tèmi ti pá lórí bí èmi.

Ọ̀rọ̀ ilé àgbẹ̀dẹ tí o sọ, èyí tó ti lọ ti lọ. Má jẹ́ ká tú u.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Fáìlì nìyí, mo fi páálí wé e. Àwòrán mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ olóròóró mú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí ibi ìdìmú rẹ̀ rí bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ilé ọta rẹ̀ wà níwájú ibi tí ìka ń fà. Ó wúwo, kò sì lẹ́wà lójú mi, àfìgbà tí mo ṣí inú rẹ̀. Bàbá, kò sí sukúrù kan ṣoṣo níbẹ̀! Irin ló ń di irin mú, gbogbo wọn ṣe wẹ́kú. Mo tú u, mo tò ó padà.

Ẹni tó ṣe ìkejì, ọmọ ẹni tó ń tún ìbọn ṣe ni, bíi tèmi. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. (Ẹ rí i pé mo fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.) Ó fi irin kan bo ọ̀pá ìbọn láti òkè, irin òkè yẹn ló ń lọ tó ń bọ̀. Nínú èyí tó jáde ní 1911, irin òkè àti ọ̀pá di ara wọn mú, wọ́n jọ rìn sẹ́yìn díẹ̀, ìdí ọ̀pá á wá wálẹ̀ bí ọmọ tó tẹríba fún àgbà, irin òkè á kọjá lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń ṣe lónìí ṣì ń tẹríba bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn tó ń gba ọta mẹ́tàlá, nítorí ìlà méjì tó wọ inú ara wọn ni wọ́n to ọta rẹ̀ sí. Ikú kò jẹ́ kó parí rẹ̀, ẹlòmíì ló bá a parí rẹ̀.

Ìkẹta, ike ni ara rẹ̀. Ike! Ẹni tó gbé e jáde ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn kò ṣe ìbọn ìléwọ́ rí láyé rẹ̀. Bóyá ìdí tí kò fi mọ ohun tí kò ṣeé ṣe nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mo rò pé wọ́n ti yọ inú rẹ̀ kúrò.

Èyí tó gba ọkàn mi jù ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Orúnkún ló ní, Bàbá. Orúnkún irin, lórí, lẹ́yìn. Bí orúnkún náà bá nà, kò sí agbára tó lè tì í, bí ẹsẹ̀ ẹni tó dúró gírí. Bí ìpá bá wá gbé e sẹ́yìn díẹ̀, ó ká sókè wìì, ẹ̀yìn ìbọn ṣí, ọta mìíràn wọlé, ó tún nà. Ẹsẹ̀ tata gẹ́lẹ́! Nígbà tí mo rí i, mo pariwo pé, "Orúkọ mi nìyí!" Ọ̀gá rò pé orí mi ti dàrú.

Ohun kan wà tí ọ̀gá máa ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́. Ó ní bí o bá yọ ilé ọta kúrò, má rò pé o ti yọ ewu. Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ ti gbé ọ̀kan pamọ́ sọ́nà ọ̀fun kí o tó dé. Ó ní ìyẹn ti pa àwọn tó gbọ́n jù mí lọ. Ó yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin náà lè má mọ̀ ọ́n, ẹ ò kúkú ṣiṣẹ́ lórí irú rẹ̀ rí.

Ọmọ yín,
Tata


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Oṣù méjì ó lé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ni mo sọ? Mo ti ka ẹ̀dà lẹ́tà mi títí, n kò rí ibi tí mo ti ṣẹ̀ yín. Ṣé ara yín yá? Ṣé fáìlì náà kò dára ni? Àbí nítorí mo dárúkọ ilé àgbẹ̀dẹ? N kò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ìdánwò mi ku oṣù méjì. Mo ń ṣí ìwé, n kò rí ohun tí mo ń kà. Ẹ kàn kọ "ara wa le" ránṣẹ́, ìyẹn náà tó.

Tata


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹjọ

Tata,

Ara wa le. Fáìlì náà dára. O kò ṣẹ̀ mí.

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ tí mo fi dáná. Mo ní n ó jẹ́ kí o ṣe ìdánwò rẹ tán. Ṣùgbọ́n o kọ̀wé pé o kò rí ohun tí ò ń kà, mo wá rí i pé dídákẹ́ mi ló tún fẹ́ pa ọ́ lára lẹ́ẹ̀kejì.

O ní n kò ṣiṣẹ́ lórí irú rẹ̀ rí. Mo ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan.

Sọ́jà kan tó ti fẹ̀yìntì ló gbé e wá, ó fi aṣọ wé e. Èyí tó ní orúnkún yẹn gan-an ni. Orúnkún náà ti tẹ̀ díẹ̀, ìpẹtà ti mú un, kò nà, kò ká. Mo yọ ilé ọta rẹ̀. Ọta mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo ní ó tán. Nínú ìbọn tí mo mọ̀, ohun tí èèyàn kò bá ki sí i, kò sí níbẹ̀. Ta ló máa sọ fún mi pé ìbọn kan wà láyé tó ń ki ara rẹ̀?

Ìwọ jókòó sórí àpótí rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì, bí o ṣe máa ń jókòó. Mo fi òróró sí orúnkún náà, mo sì dúró dè é. Nígbà tó yá, ó nà, ó wọ ibi rẹ̀ pẹ́kẹ́. Tata, inú mi dùn bí ọmọdé. Mo pè ọ́, mo ní, "Wá wo iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n!" O fò dìde lórí àpótí. Ìka mi sì fà á, kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ó dún. Ọta gba àárín àpótí rẹ kọjá, ó wọ inú ẹwìrì.

Ohun tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́tàlélógún nìyí. Kí ẹ̀rù tó bà mí, ẹnu ló kọ́kọ́ yà mí. Orúnkún irin yẹn fò sókè lójú mi, ó ká, ó nà padà, mo sì ń wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó wá ojú rẹ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, ìbọn ni mo ń wò.

Mo sọ fún gbogbo ilé pé ẹwìrì ló bẹ́. Mo lé ọ jáde, mo ní iṣẹ́ irin kì í ṣe ti obìnrin, nítorí ìyẹn rọrùn láti sọ ju òótọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè ọ́ ní Tata. Àwọn èèyàn rò pé torí o kì í jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi wo ihò àárín àpótí. O fò, o yè.

Bí o bá fẹ́ bínú, bínú. Àmọ́ bínú tán kí o tó wọlé ìdánwò.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n bínú, mo sì bínú. Mo bínú débi pé n kò fi òkúta kan sílẹ̀ láìta nípàá láti ilé dé ibi iṣẹ́. Kì í ṣe nítorí ọta. Ọta kò bà mí. Ọ̀rọ̀ yín ló bà mí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi rò pé ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé kò fẹ́ mi nítorí pé wọ́n bí mi lóbìnrin. Ẹ ìbá ti sọ fún mi, Bàbá.

Ìdánwò mi wáyé lánàá. Wọ́n lọ gbé ìbọn kan wá láti dúrọ́ọ̀ tí n kò ṣí rí, wọ́n ṣí aṣọ lórí rẹ̀. Ẹbí elórúnkún ni, àgbà pátápátá nínú wọn, ti 1893, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo yọ ilé ọta rẹ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo wo ọ̀nà ọ̀fun. Mo tún un wò. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ní, "A ti yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó dé. Kí ló dé tó o wò ó lẹ́ẹ̀mejì?" Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan fún ara mi, ẹ̀ẹ̀kan fún bàbá mi." Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Mo wá jẹ́ kí orúnkún náà ká. Bàbá, mo ti rí àbúrò rẹ̀ ní ìgbà tí kò lóǹkà, síbẹ̀ orí mi wú. Mo ń wò ó pé èyí ni àkọ́kọ́, pé ẹnì kan jókòó, ó fi ọkàn rẹ̀ rí orúnkún níbi tí kò ti sí ẹsẹ̀. Mo gbàgbé àgbà mẹ́ta tó wà níwájú mi. Ọ̀gá ló wúkọ́ kí n tó rántí pé ìdánwò ni mo wá ṣe. Nígbà náà ni ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ sọ yé mi. Ká ní èmi ni mo wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà, ìbọn ni èmi náà ì bá kọ́kọ́ wò.

Wọ́n gbà mí. Olùtọ́jú ni mí báyìí, wọ́n kọ orúkọ mi sára ìlẹ̀kùn.

Wọ́n fún mi láyè láti wálé ní oṣù kejìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wọ ilé àgbẹ̀dẹ?

Ọmọ yín,
Tata


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá

Tata, olùtọ́jú ìbọn,

Mo ka lẹ́tà rẹ sí Ìyá rẹ létí látòkè délẹ̀, n kò fo ìlà kan, títí kan èyí tó bá mi wí. Mo sì sọ ìyókù fún un. Ó wá ní òun kò mọ ẹwìrì tó ń rùn bí ẹ̀tù ìbọn. Ó ní òun ti ń retí ọjọ́ tí n ó sọ ọ́. Ó dìde, ó lọ gbé omi kaná. Èmi tí mo rò pé mo ń pa irọ́ láti ọdún yìí wá!

Orí àjà ni àpótí rẹ wà láti ọjọ́ náà. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀, ìka mi kan gbà á. Mo gé igi láti fi dí i, mo mú òòlù, mo tún gbé òòlù sílẹ̀. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

Bí o bá dé, wọlé tààrà, má kanlẹ̀kùn. Jókòó sórí àpótí rẹ, bó bá tilẹ̀ kéré fún ọ. Èmi ni n ó dúró. Wá kọ́ mi. Kọ́ ni mo wí o, mo ti fi àmì sí i.

Bàbá rẹ